Àníkẹ́, Kúlà Kì í Ṣe Ààrò

Ìyá rẹ ti ro gbogbo ètò rẹ fún mi, Àníkẹ́. Ó ní ẹ̀yin lẹ máa gbàlejò lọ́dún yìí, pé ilé yín ní Ìjẹ̀bú-Òde ni gbogbo ẹbí ọkọ rẹ máa ti ṣe Iléyá, àti pé tó bá di ọjọ́ kẹta, ọjọ́ Ojúde Ọba, àwọn ẹgbẹ́ ọkọ rẹ nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wọn máa yà sílé yín láti jẹun. Mo yọ̀, mo sì súre fún ọ lórí ìjókòó. Ìgbà tó kan ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni orí mi gbóná. Wọ́n ní alẹ́ ọjọ́ kejì Iléyá lo fẹ́ se gbogbo jọ̀lọ́ọ̀fù tán, kí o rọ ọ́ sínú kúlà ńlá mẹ́ta, kí o dé e pa, kí o lè sùn dáadáa, kí ilẹ̀ mọ́ kí o kàn jókòó kí wọ́n máa wé gèlè fún ọ.

Jókòó ná. Má tíì bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ọwọ́ mi ni bàbá rẹ dàgbà sí kó tó di pé ó bí ọ, kò sí ohun tó wà lẹ́nu rẹ báyìí tí n kò tíì gbọ́ rí. O fẹ́ sọ pé gbogbo èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ wọn náà ló ń lo ọjọ́ kẹrin Iléyá nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tí wọ́n á máa ní aráyé ló fi nǹkan sí oúnjẹ àwọn. Aráyé kankan kò fi nǹkan sí i. Ìrẹsì tó sùn nínú kúlà ni.

O mọ oúnjẹ sè o, n kò ní fi ìyẹn dù ọ́. Jọ̀lọ́ọ̀fù rẹ a máa ta sánsán dé ojúlé kejì. Ṣùgbọ́n adùn kọ́ là ń sọ yìí. Ẹni tó ń se fún èèyàn mẹ́rin nílé àti ẹni tó ń se fún ọgọ́rùn-ún àlejò, iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Ìkòkò kékeré á gbóná kíá, á tutù kíá, wọ́n á jẹ ẹ́ tán kíá. Agbada ńlá kì í ṣe kíákíá nínú ohunkóhun, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń wọlé.

Gbọ́ eléyìí kí o há a sórí: oúnjẹ tó gbóná dáadáa kò ní ṣe ọ́ ní nǹkan, èyí tó tutù nini náà kò ní ṣe ọ́ ní nǹkan, èyí tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí o sá fún. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé ìlànà márùn-ún jáde lórí oúnjẹ ní ọdún 2001, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì ni pé kí oúnjẹ tó ti jinná máa gbóná ju ìwọ̀n 60 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius títí wọn yóò fi jẹ ẹ́, tàbí kí ó tutù dé ìwọ̀n 5. Àárín méjèèjì ni kòkòrò àìfojúrí ti ń ráyè. Wọ́n ní oúnjẹ tó ti jinná kò gbọdọ̀ ju wákàtí 2 lọ níta. Abẹ́ àtíbàbà ní Ìjẹ̀bú, tí ooru ti mú, tí èèyàn pọ̀, tí ìlù ń dún, èmi kì í fún un ju wákàtí 1 lọ.

Wá wo kúlà rẹ wàyí. Kúlà kì í dáná. Ooru tí o bá gbé wọ inú rẹ̀ ló ń tọ́jú, ó sì ń jò ó dànù díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kí o mọ̀. Tí o bá rọ ìrẹsì tó ń yọ èéfín sínú rẹ̀ tí o sì pín in fún àlejò láàárín wákàtí méjì sí mẹ́ta, mo gbà fún ọ, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí o bá paná ní agogo 11 alẹ́, tí àlejò àkọ́kọ́ sì gbé àwo ní agogo 1 ọ̀sán, wákàtí 14 ni ìrẹsì yẹn ti lò. Kò gbóná mọ́, kò sì tutù. Ó dà bí ẹyin lábẹ́ adìẹ tó sàba: ooru tó mọ níwọ̀n, òkùnkùn, kò sí ẹni tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, ohun tó wà nínú rẹ̀ á pa.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, kì í ṣe pé o dọ̀tí. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Bacillus cereus, inú ilẹ̀ ló ń gbé, ó sì máa ń bá ìrẹsì wálé láti oko. Ó ní èèpo líle kan tó máa ń fi ara rẹ̀ pamọ́ sí, omi híhó kì í sì í wọ ibẹ̀. O á se ìrẹsì, á jinná, òun á ṣì wà níbẹ̀. Ìgbà tí ìrẹsì bá wá lọ́wọ́ọ́wọ́ ló máa ń jí, tí á bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i, tí á sì máa tu oró sínú oúnjẹ. Oró yẹn, Àníkẹ́, tí o bá tún gbé ìrẹsì kaná lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò ní kú. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ gbọ́ "a máa tún un gbóná láàárọ̀." Ohun tí iná àkọ́kọ́ kò pa, tó wá fi òru ṣiṣẹ́, iná kejì ti pẹ́ jù. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bì láàárín wákàtí mélòó kan, kó tó délé pàápàá.

Ìwọ lo ka ìwé ìṣirò, bá mi ṣe eléyìí. Tí ibi bá gba irú kòkòrò wọ̀nyí, ọ̀kan lè di méjì láàárín ìṣẹ́jú 20. Méjì á di mẹ́rin, mẹ́rin á di mẹ́jọ. Tó bá fi máa pé wákàtí 7, ẹyọ kan ti lé ní mílíọ̀nù 2. Wákàtí 14 lo fẹ́ fún un.

N kò ní kí o má sùn. Ohun tí wàá ṣe ni pé kí o gbé iṣẹ́ tó lè sùn síwájú, kí o sì fi èyí tí kò lè sùn sẹ́yìn. Ata lè sùn. Lọ ata, sè é kí omi rẹ̀ gbẹ, dín in, pín in sínú abọ́ fẹ̀ẹ̀rẹ̀ kí ó tutù kíá, kó o sínú fírísà kódà kí Iléyá tó dé. Àlùbọ́sà lè sùn nínú fíríìjì. Ìrẹsì tútù nínú àpò lè sùn títí ọdún tó ń bọ̀, ṣa òkúta rẹ̀ kúrò lọ́sàn-án. Ní ọjọ́ Ojúde Ọba, jí ní agogo 5, kírun, kí ìkòkò àkọ́kọ́ gorí iná ní agogo 9. Jẹ́ kí ìkòkò kejì gorí iná ní agogo 11. Àwọn ọkùnrin kì í tètè dé láti ojúde, ìwọ náà mọ̀, àfìgbà tí àwọn ìdílé Balógun bá gẹṣin tán tí ẹgbẹ́ gbogbo sì ti júbà Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú. Tí wọ́n bá fi máa dé, ìrẹsì àkọ́kọ́ ti ń tán lọ lọ́wọ́ àwọn ará ilé àti àwọn ọmọdé, èkejì á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ̀ kalẹ̀. Wá ẹni méjì tí yóò ràn ọ́ lọ́wọ́, san owó fún wọn. Gèlè kì í sì í gba wákàtí méjì, má purọ́ fún mi.

Ẹran ló wá ṣòro jù. Ọjọ́ kìíní lẹ máa dúńbú àgbò, ọjọ́ kẹta ni Ojúde Ọba. Ní 2025, ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ni Iléyá, ọjọ́ 8 ni Ojúde Ọba. Ẹran ní láti dúró de àlejò láti ọjọ́ kìíní sí ọjọ́ kẹta nínú ooru, pẹ̀lú irú iná mànàmáná tí à ń rí lò yìí.

Kí ó tó dé ibẹ̀, kí ọkọ rẹ yẹ àgbò náà wò dáadáa kó tó sanwó. Kí ó máa jẹun, kí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ikun má máa dà nímú rẹ̀, kí ìdí rẹ̀ má rin. Kì í ṣe ìwo àti ọ̀rá nìkan là ń wò. Ní ọdún 2023, nígbà tí Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, ìjọba àpapọ̀ kìlọ̀ fún gbogbo wa lórí àrùn anthrax tó bẹ́ sílẹ̀ ní àríwá Gánà. Nígbà tó di oṣù keje ọdún yẹn, wọ́n ti rí i nínú oko ẹran kan ní Suleja, ní ìpínlẹ̀ Niger. Nítorí náà, ẹran tó bá ṣàdédé ṣubú kú, tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde nímú tàbí nídìí rẹ̀, ẹ má fi ọ̀bẹ kàn án, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé owó ti wọ̀ ọ́. Ẹ̀sìn ti kọ òkú ẹran fún wa tẹ́lẹ̀. Oníṣègùn ẹran ni kí ẹ pè.

Nígbà tí ẹ bá ti Yídì dé, tí wọ́n sì ti dúńbú rẹ̀, tẹ́ ọ̀rá tuntun tó mọ́ sílẹ̀. Kí wọ́n má da ẹran sórí sìmẹ́ǹtì tí àwọn èèyàn ń fi bàtà gbà kọjá. Ìfun àti ṣàkì, kí wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀yìn ilé, kí ẹni tó bá ń fọ̀ ọ́ jókòó ti ìyẹn. Kó má tún wá bá wọn gé itan. Ohun tó wà nínú ìfun àgbò ni kò yẹ kó kan ẹran, ọwọ́ àti ọ̀bẹ ló sì máa ń gbé e kiri. Mo mọ̀ pé gbogbo yín á ti ṣe àlùwàlá kí ẹ tó lọ Yídì, ẹ ṣeun. Ọwọ́ tó ti wọ inú ìfun ń fẹ́ ọṣẹ.

Pín ẹran náà kí oòrùn tó kan àtàrí. Ìdá mẹ́ta là ń pín in sí: ti ará ilé, ti ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò, ti aláìní. Èyí tí o bá fi ránṣẹ́ ní agogo 11 á bá wọn ní tútù, wọ́n á sì rí i sè lọ́sàn-án. Èyí tí o gbé sínú ọ̀rá dúdú di ìrọ̀lẹ́ nítorí pé o ń dúró de ọmọ tí wàá rán, àrùn lo fẹ́ fi ṣe sàárà yẹn. Inú máa ń bí mi sí eléyìí gan-an. Aláìní tí a fún lẹ́ran kò ní owó oògùn.

Èyí tó kù sílé, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni kó ti bá iná pàdé tàbí kó ti bá òtútù pàdé. Má ju odindi itan sínú fírísà. Òtútù kì í sáré dé egungun, ẹ̀yìn á dì nígbà tí inú ṣì gbóná, ẹran á sì ti rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun kí ọjọ́ kẹta tó pé. Gé e, pín in sínú ọ̀rá ní ìwọ̀n tí wàá sè lẹ́ẹ̀kan, tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, fi àyè sáàárín wọn kí atẹ́gùn tútù lè gbà kọjá. Tó bá ti dì tán ni kí o tó wá tò ó lé ara wọn. Tan fírísà náà sílẹ̀ láti ọjọ́ méjì ṣáájú, kún inú rẹ̀ pẹ̀lú omi inú ọ̀rá kí ó di yìnyín, torí yìnyín yẹn ló máa bá ọ di òtútù mú tí iná bá lọ.

Iná á sì lọ. Fírísà tó kún dáadáa, tí ẹnikẹ́ni kò ṣí, lè di òtútù rẹ̀ mú fún bí wákàtí 48. Èyí tó kún dé ìdajì, wákàtí 24. Fíríìjì lásán, wákàtí 4 péré ni. Gbogbo ìṣirò yìí ti bàjẹ́ tí àwọn ọmọ bá ń ṣí i ní gbogbo ìṣẹ́jú nítorí omi tútù àti mínírà. Ra yìnyín, wá bàsíà ńlá kan, kó ohun mímu àlejò sínú ẹ̀, kí o sì ti fírísà ẹran ní kọ́kọ́rọ́. So kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ ìdí ìró rẹ. Ẹni tó bá bínú, wí pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ìyá wa kò ní fírísà, wọ́n sì ń jẹ ẹran Iléyá fún ọjọ́ gbọọrọ. Wọ́n ń gé e tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ń fi iyọ̀ rà á, wọ́n ń yan án lórí èédú títí á fi gbẹ táútáú. Omi ni kòkòrò ń lò láti fi pọ̀. Wọ́n ti gba omi náà lọ́wọ́ ẹran. Tí o kò bá fọkàn tán iná àdúgbò yín, tí epo jẹnẹrétọ̀ sì wọ́n, ṣe apá kan bẹ́ẹ̀. Yan án kó gbẹ, kó gbẹ ní tòótọ́, kì í ṣe kó kàn pọ́n lẹ́yìn. Ẹran díndín tí inú rẹ̀ ṣì rọ̀ kò yàtọ̀ sí ẹran bíbọ̀ tó wà níta.

Ọbẹ̀ ńkọ́? Ìkòkò ọbẹ̀ ẹran tó jìn, tí o gbé sílẹ̀ kó tutù fúnra rẹ̀, òru ni á fi máa tutù, àárín ìkòkò á ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá ń pe ìrun Àsùbáà. Kòkòrò mìíràn wà fún ìyẹn, Clostridium perfringens, ọbẹ̀ ẹran tó nípọn ló fẹ́ràn, òun ló sì máa ń fa inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru lọ́jọ́ kejì àsè. Bu ọbẹ̀ sínú abọ́ tí kò jìn, gbé abọ́ sínú omi tútù, rò ó, kí ooru jáde kíá, kó tó wọ fíríìjì. Nígbà tí o bá sì fẹ́ jẹ ẹ́, kó hó kùtùkùtù títí dé àárín, rò ó kan ìsàlẹ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò ṣe ń hó yẹn kò tíì tó. WHO ní kí gbogbo inú oúnjẹ gbóná dé ìwọ̀n 70. Ẹni tí kò bá ní tẹmómítà, kó jẹ́ kó hó.

Ẹran tó ti dì, má gbé e sórí tábìlì láti alẹ́ kó máa yọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ á ti máa bàjẹ́ nígbà tí inú rẹ̀ ṣì jẹ́ òkúta. Fíríìjì ni kó ti yọ́, láti ọjọ́ kejì Iléyá. Tí o bá gbàgbé, gbé e tọ̀rátọ̀rá sínú omi tútù kí o sì máa pààrọ̀ omi náà.

Ìyá rẹ tún ní o fẹ́ ra tọ́kì dídì sí i, nítorí àwọn tí kì í jẹ ẹran àgbò. N kò fẹ́ràn ètò yẹn. Ó ti lé ní 20 ọdún tí ìjọba ti fòfin de kíkó adìẹ àti tọ́kì dídì wọ Nàìjíríà láti ilẹ̀ òkèèrè, síbẹ̀ wọ́n ń gba ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀ kó o wọlé lóru. O ò mọ iye ìgbà tó ti yọ́ tó sì tún dì kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ra adìẹ ààyè ní ọjà Òkè-Àjè, tàbí kí o bá ẹni tó ń sìn ín sọ̀rọ̀. Tí o bá ń fọ̀ ọ́, inú abọ́ ni kí o ti fọ̀ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, má ṣí ẹ̀rọ omi lé e lórí kó máa ta sára tòmátò àti àwo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Pátákó tí o fi gé e, má gé àlùbọ́sà lórí rẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí ẹ̀jẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun itan tó o bá sọ pé ó ti jinná.

Sàláàdì? Gbé e kúrò. Ewé tútù tí wọ́n fi omi kòtò rin, kíríìmù sàláàdì tí wọ́n dà lé e lórí, abẹ́ àtíbàbà látàárọ̀, kí la fẹ́ fi ṣe? Se ìkọ́kọrẹ́ fún wọn. Ẹ̀wùrà pọ̀ lọ́jà, àwọn ará Èkó tó wá fún Ojúde Ọba sì ń wá a kiri. Àmọ́ gbígbóná ni wọ́n ń jẹ ìkọ́kọrẹ́, kó o rò ó bí àlejò bá ṣe ń dé.

Omi ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ gbọ́. Láti 2023 títí dé 2025, inú oṣù kẹfà ni Iléyá bọ́ sí, ìgbà òjò gan-an, tí àgbàrá ń wọ kànga. Ní oṣù kẹfà 2024, ọ̀sẹ̀ Iléyá yẹn gan-an ni onígbáméjì ń jà ní Èkó, tí èèyàn ń kú. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní ìwádìí tọ́ka sí ohun mímu òfìò kan tí wọ́n ń tà káàkiri, tí kò ní nọ́mbà NAFDAC, tí wọn kò sì rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Òfìò kò ní ẹ̀ṣẹ̀. Omi tí wọ́n fi pò ó, ọwọ́ tí wọ́n fi fún un, ìgò tí wọ́n rọ ọ́ sí, ibẹ̀ ni kí a wò. Nítorí náà, zobo tí o fẹ́ ṣe, omi tó ti hó ni kí o lò kódà fún èyí tí wàá fi là á. Yìnyín tí o máa fọ́ sínú ife àlejò, mọ ibi tí omi rẹ̀ ti wá. Yìnyín tí a fi mú kí ìgò tutù, kò gbọdọ̀ wọ inú ife. Ata tí wọ́n bá lọ̀ fún ọ, dúró tì wọ́n kí wọ́n fi omi mímọ́ ṣan ẹ̀rọ náà kó tó kan tìrẹ.

Gbé búútà àti ọṣẹ sí ẹnu ọ̀nà, kí ọmọ kan máa bu omi sí ọwọ́ àlejò. Kí èèyàn mẹ́wàá má ki ọwọ́ bọ abọ́ omi kan náà kí wọ́n tó jẹ ẹ̀bà.

Ẹni tó ní egbò tàbí oówo lọ́wọ́, tàbí tó ń yàgbẹ́ gbuuru lọ́wọ́lọ́wọ́, kó má ṣe wọ ilé ìdáná, ìbáà jẹ́ ìyá ọkọ rẹ. Mo mọ̀ pé ìyẹn kò rọrùn lẹ́nu. Jẹ́ kí ọkọ rẹ bá a sọ ọ́, kó fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, kó gbé àga sí wọn lábẹ́ igi kí wọ́n máa gba ìkíni. Ọmọ kéékèèké, arúgbó, àti ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ tó wà nínú oyún yẹn, oúnjẹ wọn ni kí o kọ́kọ́ bù látinú ìkòkò tó ń hó. Inú rírun tí ìwọ máa fi ọjọ́ kan gbé lè di ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn fún wọn.

Tí ẹnikẹ́ni bá wá ní "mo ti gbọ́ òórùn rẹ̀, kò tíì kan," má dá a lóhùn. Kòkòrò tó ń sọ ọbẹ̀ di kíkan, tí ó ń fi òórùn hàn, kò fi dandan jẹ́ èyí tó ń dá èèyàn dùbúlẹ̀. Oúnjẹ lè máa ta sánsán kó sì ní oró nínú. Aago ni kí o bi. Tí o kò bá mọ ìgbà tó ti wà níta, dà á nù. N kò fẹ́ gbọ́ pé ó ṣe ọ́ láàánú. Owó ìrẹsì ti wọ́n, mo mọ̀, èmi náà ń rajà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o sè é ní ìkòkò méjì, kí ohun tí o máa dà nù má pọ̀.

Àti àwọn tó máa ń di oúnjẹ relé! Ẹ máa kó jọ̀lọ́ọ̀fù sínú páàkì fún ọ̀rẹ́ tó ń padà sí Èkó, á gbé e sí bùútù ọkọ̀, á há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ṣàgámù, á délé ní agogo 9 alẹ́, á wá gbé e sílẹ̀ fún oúnjẹ àárọ̀ àwọn ọmọ. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, ìwọ náà ń rẹ́rìn-ín. Ẹran tí ẹ yan gbẹ táútáú ni kí o dì fún wọn, kí o fi gààrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa lé e. Ìyẹn á dé Èkó láyọ̀, á tiẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù.

Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n tí ìgbẹ́ gbuuru tàbí èébì bá mú ẹnikẹ́ni, omi tó ń jáde lára rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bá wí. Líta omi mímọ́ kan, ṣúgà ṣíbí tíì 6 tí ẹ fi ọ̀bẹ ha dọ́gba, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, ẹ pò ó pọ̀, kí ó máa mu ún díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń jáde. Ẹ má fi iyọ̀ kún un ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó léwu fún ọmọdé. Kí ẹnikẹ́ni má sáré lọ ra Flagyl lọ́wọ́ onígbá oògùn. Tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tí ibà gbóná bá bá a wá, tí ó ń dà bí omi ìrẹsì tí kò sì dáwọ́ dúró, tí ojú ọmọ bá ti jìn wọlé tàbí tí kò tọ̀ mọ́, ilé ìwòsàn lóru náà. Ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́.

Báyìí, gbé ìwé kan, kọ ohun tí mo fẹ́ kí o rà sílẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Abọ́ fẹ̀ẹ̀rẹ̀ onírin mẹ́fà. Pátákó ìgẹ́ran méjì, kun ọ̀dà pupa sí etí ti ẹran tútù. Ọ̀rá fírísà. Ọṣẹ, kí ó pọ̀. Tẹmómítà oúnjẹ, tí o bá rí i. Kì í ṣe dandan. Pe oníṣẹ́ fíríìjì kí ó wá wo rọ́bà ẹnu fírísà yín, ìyá rẹ ní kò dé mọ́ra dáadáa, ìyẹn ló sì ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀. N óò wọ Ìjẹ̀bú-Òde ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Yàrá tó súnmọ́ ilé ìdáná ni kí o fi mí sí, ọ̀bẹ mi ni n óò sì mú dání. Tí mo bá bá ìrẹsì nínú kúlà lóru ọjọ́ yẹn, èmi àti ìwọ la jọ máa gbé e jáde, kí ìyá ọkọ rẹ tó jí.